Líìnì méjì, òpó kan: nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jàmáíkà

Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà mi lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kéde pé mo ti sọdá sí Amẹ́ríkà o. Jàmáíkà tí mò ń gbé náà ń lo +1, 876 tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wò. 876 yìí gan-an, àwọn gbájúẹ̀ tó máa ń pe àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà pé wọ́n ti jẹ lọ́tìrì ti bà á jẹ́, débi pé ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní Houston, wọn kì í gbé ìpè mi àfi tí mo bá ti kọ́kọ́ kọ WhatsApp sí wọn (ọmọ Nàìjá ni mí, irú ojú yẹn ò ṣàjèjì sí mi).

Ọdún 2001 ni fóònù di ti mẹ̀kúnnù níbí, bíi tiwa náà. Cable & Wireless ló ń dá a jẹ tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ Digicel wọlé lóṣù kẹrin, GSM tiwa tẹ̀ lé e lóṣù kẹjọ. Digicel àti Flow ló ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ báyìí, Flow ọ̀hún náà sì ni Cable & Wireless àtijọ́.

Lójoojúmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò burú, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí ìjì Melissa jà lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2025 lojú mi tó là. Westmoreland, lápá ìwọ̀ oòrùn Jàmáíkà, ló já sí, níbi tí abúlé kan tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta wà (bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ará wa tí ọkọ̀ òkun kó débẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀). Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kingston, apá ibẹ̀ ni màmá ẹ̀ ń gbé, tó bá tẹ nọ́ńbà tán á fi fóònù sí spíkà lórí tábìlì, gbogbo wa á dákẹ́, tóò-tóò-tóò la máa gbọ́. Ìgbà tẹ́nì kan gbé Starlink (íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá) wá sí àdúgbò wọn tí gbogbo èèyàn rọ́ yí i ká ni màmá tó rí i pè, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi í ni pé ṣó ti jẹun.

Ara òpó iná ni wọ́n so wáyà fáíbà mọ́ níbí, tí òpó bá ti ṣubú íntánẹ́ẹ̀tì náà lọ nìyẹn, kódà kí mast dúró gbọnyin. Èyí tó dúró náà, wákàtí mélòó kan ni bátìrì ẹ̀ máa gbé, ẹrẹ̀ àti igi sì ti dí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbé dísẹ́ẹ̀lì gbà. Tiwa ní Nàìjíríà, àìríná ti kọ́ mast wa ní jẹnẹrétọ̀ tipẹ́, abẹ́ ilẹ̀ sì ni fáíbà wa pọ̀ sí, àwọn tó ń ṣe títì ló ń gé e.

Líìnì méjì ni mò ń lò, mo rò pé mo gbọ́n, àṣé òpó kan náà ni wáyà ilé iṣẹ́ méjèèjì jọ gùn. Mo ti ra rédíò oníbátìrì kún un báyìí, mo sì ń tọ́jú owó sílé, torí POS náà máa ń kú.