Ètò sọ́mà fún ọmọ girama: ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sanwó

Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bá jókòó ti fọ́ọ̀mù yunifásítì níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ ìjọ wa tí ń gbé tiwọn wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè tí àwọn òbí wọn ń bi mí jù lọ ni pé ṣé ètò sọ́mà, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ọmọ girama ń lọ ṣe nígbà ọlidé gígùn, tí ọmọ fẹ́ lọ lè mú kí yunifásítì ńlá gbà á. Ó lè ràn án lọ́wọ́, bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣa ọmọ fún, tí àwọn tó ń ṣe é sì ń ná owó ara wọn lé ọmọ lórí. Èyí tí ẹ̀yin ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ra àyè nínú rẹ̀, ẹ má fọkàn sí i pé ó máa ṣílẹ̀kùn kankan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, JAMB la gbà wọ yunifásítì, máàkì la sì mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rò pé ètò sọ́mà náà dà bíi máàkì tí wọ́n á rò mọ́ ti ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn ló máa jókòó ka ìwé ọmọ náà: èsì kíláàsì rẹ̀, lẹ́tà àwọn olùkọ́ rẹ̀, àròkọ rẹ̀, àti ohun tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Nínú Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò, àyè 10 ló wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àlàyé kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju 150 lẹ́tà lọ, àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Gbogbo sọ́mà ọmọ yín, ìlà bíi méjì ni.

Àwọn orúkọ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù bá rí i níbẹ̀, á tún ojú mọ́ ọn. RSI, ètò ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, tí wọ́n ń ṣe ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà lára wọn. MITES, ètò sáyẹ́ǹsì tí í ṣe ti MIT fúnra rẹ̀, ti wà láti 1975. TASS, ètò ìwé kíkà àti ìjíròrò ti ẹgbẹ́ Telluride tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, kì í gba owó ẹ̀kọ́, kì í gba owó oúnjẹ, kì í gba owó ibùsùn. Clark Scholars, ètò ìwádìí ní yunifásítì Texas Tech, ń mú ọmọ 12 péré lọ́dún, wọ́n tún ń fún àwọn ọmọ náà lówó. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù mọ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ ti fara balẹ̀ yẹ ọmọ yìí wò láàárín ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó mú un.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú, ibi yòówù kó lọ á yege. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Sarah Cohodes, Helen Ho àti Silvia Robles, yẹ̀ ẹ́ wò nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2022. Àwọn ètò sọ́mà ti sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ńlá kan ni wọ́n lò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbò, bíi kèké, mú nínú àwọn ọmọ tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ìyẹn ni pé àwọn tó wọlé àti àwọn tí kò wọlé jọra, oríire ìbò ló yà wọ́n. Síbẹ̀ àwọn tí ìbò mú lọ sí yunifásítì tó dára jù, wọ́n sì parí rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe yunifásítì tó gbà wọ́n lálejò nìkan ni wọ́n lọ o, wọ́n wọ àwọn ńlá mìíràn pẹ̀lú. Nígbà tí mo ka èyí, ó bá ohun tí mo ti rí nínú ilé mi mu gan-an.

Ọmọbìnrin mi àgbà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ yẹn ní ìparí kíláàsì kọkànlá, ìyẹn nígbà tó ku ọdún kan kó parí girama. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ dára, àmọ́ àwọn tó bá pàdé níbẹ̀ ló yí i padà. Kò bẹ̀rù àti kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́ bí nǹkan ò bá yé e. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ sùn ní yàrá kan ló sọ fún un nípa QuestBridge, tó ń so ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tí owó òbí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ yunifásítì tí yóò san gbogbo owó ọdún mẹ́rin. A ò gbọ́ orúkọ yẹn rí nínú ilé wa! Olùkọ́ tó kọ́ ọ níbẹ̀ náà kọ lẹ́tà fún un, lẹ́tà tó sọ bó ṣe máa ń ronú, irú èyí tí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún kò ní ráyè kọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ètò tí òbí ń sanwó fún. Ìyá kan nínú ìjọ wa gba àpò ìwé kan nínú méèlì, bébà rẹ̀ nípọn, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀: a ti yan ọmọ yín fún ètò sọ́mà wa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti fẹ́ kó àjọ rẹ̀ lé e. Mo bi í pé, ṣé ọmọ yìí kọ àròkọ kankan ránṣẹ́ sí wọn? Ṣé olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà? Rárá. Báwo ni wọ́n ṣe wá yàn án? Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń ṣe é, ilé ibùsùn yunifásítì ni wọ́n kàn háyà fún sọ́mà. Ọkàn mi gbọgbẹ́ fún un, nítorí owó iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni owó yẹn.

Èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n ń gbowó fún náà, kì í ṣe jìbìtì, ẹ̀kọ́ gidi wà nínú rẹ̀. Ti Harvard tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lé ní 5,000 dọ́là. Bí owó bá wà, tí ọmọ sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbi tí ìyá àti bàbá kò sí, ẹ rán an lọ. Ẹ má kàn yá owó nítorí rẹ̀, torí pé ẹni tó bá sanwó tí kíláàsì rẹ̀ sì dáa díẹ̀ ló sábà máa ń wọlé, àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún wà láàárín méjèèjì, ẹ má tìtorí iye tí ẹ rí lójú ìwé sá fún wọn. Ètò ìṣirò Ross bẹ̀rẹ̀ ní 1957, PROMYS ti Boston University, tí òun náà jẹ́ ti ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Wọ́n ń gbowó, àmọ́ wọ́n ń dín in kù fún ẹni tí kò ní. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí òbí fi ránṣẹ́ ni: bí a kò bá ní kọ́bọ̀, ṣé ẹ ṣì máa gbà á?

Ọmọkùnrin mi kò rí ọ̀kankan wọ̀. Ó dùn ún, ó sì dun èmi náà. Ní sọ́mà yẹn ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, lọ́sàn-án ó ń tọ́jú ìyá bàbá rẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó rí i pé ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ń bàjẹ́ lórí pẹpẹ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé sílẹ̀, ló bá fi kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀ kan fún oníṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, kò fẹ́ kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe irú ẹ̀. Mo fi hàn án pé Common App ní àyè tó dárúkọ iṣẹ́ olówó oṣù, ó sì ní òmíràn fún ojúṣe ọmọ nínú ẹbí. Àwọn ọmọ wa máa ń fi èyí pamọ́! Wọ́n ń gbé àbúrò lọ síléèwé, wọ́n ń bá ìyá àgbà lọ sí ọsibítù láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà, wọ́n á wá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ọmọ mi kọ ti ẹ̀gúsí rẹ̀, ó kọ ti ìyá àgbà, yunifásítì tó wù ú jù sì gbà á.

Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń pè mí láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹ wo Yale Young African Scholars, ètò sọ́mà ti yunifásítì Yale, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ girama tó wà ní Áfíríkà. Ẹ sì lọ sí EducationUSA, ọ́fíìsì tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn lórí yunifásítì Amẹ́ríkà, tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó àti Àbújá, kí ẹ tó fún aṣojú kankan lówó.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kọkànlá báyìí, oṣù kẹwàá ni kó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí ń ti fọ́ọ̀mù láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Òmíràn ń fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, ẹ wo ìyẹn kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ. Kí ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, lọ bá olùkọ́ ìṣirò tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì fún lẹ́tà kí ọlidé Thanksgiving ní ìparí oṣù kọkànlá tó dé, kó sì mú iṣẹ́ kan tó ṣe ní kíláàsì dání, kí olùkọ́ náà lè rí ohun tó máa kọ.