Ẹ kọ́kọ́ kà á ná: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mò ń fi AI ṣe ìwádìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ń ṣe máástà, iṣẹ́ mi dá lé àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tó jáde ní Èkó láàárín ọdún 1922 sí 1930: Eko Akete, Eleti Ọfẹ àti Akede Eko. Ẹ̀rọ AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, bá mi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Mi ò jẹ́ sọ pé kò wúlò, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ní ẹ̀ka wa.

Ọjọ́ tí mo gbé orí kejì iṣẹ́ mi lọ fún alámòójútó mi, bàbá ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Wọ́n wá fi bírò nàka sí ìtọ́kasí kan, wọ́n ní, "Àpilẹ̀kọ yìí dà? Mo fẹ́ kà á." Mo ní màá mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní in. Ẹ̀rọ ló fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo wa mọ̀ ló wà níbẹ̀, jọ́nà náà wà lóòótọ́, ọdún bá a mu, àkọlé rẹ̀ sì jọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà lè kọ. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí láíbìrì, tí mò ń ṣí jọ́nà náà ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ojú ìwé tí ẹ̀rọ dárúkọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí ohun mìíràn pátápátá ni mo bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yẹn rí. Mo padà lọ bá alámòójútó mi, mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn dá gbogbo orí náà padà, wọ́n ní kí n mú ẹ̀dà gbogbo ohun tí mo tọ́ka sí wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á. Ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kò ní dúrọ́ọ̀ káàdì ìwé nínú bíi ti láíbìrì. Wọ́n jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, ó wá kọ́ láti máa díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀. Tí ẹ bá ní kó fún yín ní ìtọ́kasí, ó mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí. Á to orúkọ, ọdún, àkọlé àti ojú ìwé jọ, á sì gún régé, yálà ìwé náà wà tàbí kò sí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti ń lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn báyìí. Ìyẹn ń ṣèrànwọ́, àmọ́ wọ́n ṣì máa ń ṣi ìwé tọ́ka, tàbí kí wọ́n tọ́ka ìwé tó wà sí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń kó sí i. Ní New York ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣojú ọkùnrin kan tó pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca lẹ́jọ́ kó ẹjọ́ àtijọ́ mẹ́fà tí kò ṣẹlẹ̀ rí síwájú adájọ́. ChatGPT ló hun wọ́n. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún wọn. Ibi tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀kan nínú wọn ti bi ẹ̀rọ náà bóyá ẹjọ́ kan nínú wọn wáyé lóòótọ́, ẹ̀rọ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ lọ wá ìwé náà fúnra yín, kí ẹ fojú rí i.

Inú iṣẹ́ mi gan-an ni mo ti wá rí ohun tó jẹ́ kí èyí yé mi dénú. Láti ọdún 1929 wọ 1930, Akede Eko ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, obìnrin tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ó ń ka àìsàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń fa orin tí ará Èkó mọ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà á gbọ́, àwọn kan sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni tirẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀ dọ́ba. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé òun ń pa ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àwọn òǹkàwé Thomas ló mú èmi náà: a rí orúkọ, a rí ọdún, a rí àdúgbò, ọkàn wa balẹ̀, a ò wádìí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo yí bí mo ṣe ń ṣe é padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kó àpilẹ̀kọ jọ, màá jù wọ́n sínú ẹ̀rọ, màá ní kó gé wọn kúrú fún mi. Lóru ọjọ́ kan, mo fi bẹ́ẹ̀ "ka" àpilẹ̀kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi sẹ́mínà wa, ẹnì kan bi mí nípa ọ̀kan nínú wọn, ìbéèrè tí kò le rárá: ẹ̀rí wo ni òǹkọ̀wé fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Mo ṣí àkékúrú tí ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rí sì ni iṣẹ́ àwa tí à ń ṣe ìwádìí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ka ìfáàrà àti ìparí àpilẹ̀kọ fúnra mi, màá sì ka àárín rẹ̀ tó bá kan iṣẹ́ mi. Màá pa fóònù, màá kọ gbólóhùn mẹ́ta ní èdè Yorùbá sínú ìwé: kí ni ẹni yìí ń sọ, kí ló fi ń gbè é lẹ́sẹ̀, ibo ni mi ò ti gbà fún un. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, kódà tí àpilẹ̀kọ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí mi ò lè da gbólóhùn òǹkọ̀wé kọ nígbà tí èdè bá yàtọ̀. Àfi kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìgbà náà ni màá tó gbé àpilẹ̀kọ àti gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹ̀rọ, màá bi í pé, "Ibo ni mo ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́? Ojú ìwé wo ló ta ko ohun tí mo kọ?" Tó bá dárúkọ ojú ìwé, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ẹ ò lè mọ bí èyí ṣe dára tó àfi tí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀. Nígbà kan, mo kọ ọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó nìkan ni ìwé ìròyìn wọ̀nyí wà fún. Ẹ̀rọ ní kí n padà sí ìpínrọ̀ kan tí mo ti fojú fò. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ̀wé kà, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń kà á sí wọn létí. Odindi ìpín kan nínú iṣẹ́ mi ló ti ibẹ̀ jáde. Ká ní mi ò kọ èrò tèmi sílẹ̀ ṣáájú ni, kò sí ohun tí ẹ̀rọ ì bá tọ́ka àṣìṣe sí.

Ní ti bí ẹ ṣe máa to ìwé yín, Zotero, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú ìwé àti ìtọ́kasí, ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 2006. Ẹ fi ìwé pamọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kọ orí tó gbẹ̀yìn. NotebookLM ti Google náà dára: ìwé tí ẹ bá kó sí i ló fi ń dáhùn, ó sì máa ń fi ibi tó ti rí i hàn. Ẹ ṣáà máa ṣí ibẹ̀ wò. Wi-Fi ọgbà ni kí ẹ fi wa PDF sílẹ̀, kí ẹ lè máa kà á nílé nígbà tí kò bá sí iná àti dátà.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀ dáadáa níbí. Mo gbé àwòrán ojú ìwé Akede Eko fún ẹ̀rọ pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo fi wé àwòrán. Gbogbo "aiye" ti di "ayé", gbogbo "enia" ti di "ènìyàn". Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ẹ̀rọ fi tún ìwé ọdún 1929 ṣe, láìsọ fún mi, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè nígbà náà wà lára ohun tí mò ń wá. Ibì kan wà tí bébà ti ya, tí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta ti lọ. Ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tirẹ̀ dí i, gbólóhùn náà sì dùn. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo máa ń sọ fún un ṣáájú ni pé: "Má ṣe tún àkọtọ́ ṣe. Má ṣe fi àmì tí kò sí lójú ìwé sí i. Ibi tí kò bá hàn, kọ 'kò hàn' síbẹ̀." Síbẹ̀, màá fi ìlà wé ìlà.

Ní ti àmì ohùn, ẹ̀rọ lè fún yín ní ọkọ̀ níbi tí ọkọ wà, tàbí kó kọ ọkọ́ sí àyè ọ̀kọ̀. Nínú ọ̀kan nínú èyí tó tẹ̀ fún mi, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ di oní-ẹgbẹ̀rún mọ́tò. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi títí mo fi jẹ ìyà rẹ̀: kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà kan náà, bíi ọ́, ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kó sì rí bákan náà lójú wa. Ẹ lè wá "Ọ̀yọ́" nínú PDF tó kún fún Ọ̀yọ́, kó ní kò sí. Ẹ wá ibi tí kò lámì nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀, kí ẹ tó gbà pé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí mo nílò jù, ẹ̀rọ kò ní in. Orin kan wà nínú ìwé ìròyìn náà tí ìtumọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ fún mi ta ko ara wọn. Ìyá àgbàlagbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ ọ́ fún mi, tó sọ ẹni tí wọ́n fi bú, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí n tó kúrò, ìyá ní kí n má jẹ́ kí ohùn àwọn kọjá ọwọ́ mi. Nítorí náà, mi ò gbé e sórí ẹ̀rọ kankan, ọwọ́ ni mo fi dà á kọ láti alẹ́ mọ́jú. Ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó gbé ohùn wọn lọ síbi tí ẹ ò ti lè gbà á padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iléèwé wa kan tó wà ní ìpele kẹta fi ìtọ́kasí méjìlá ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo ní kó máa bọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. A wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú. A rí mẹ́sàn-án. Ó pa méjì rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan, tó dá a lójú pé òun ti rí i rí, nínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewéko. Láàárọ̀ yìí, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti wà ní láíbìrì, wọn ò tíì ṣí i.