Ọkọ̀ ti dé orí afárá

Àbámẹ́ta. Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láàárọ̀ yìí, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá da fọ́tò mẹ́tàdínlógún sórí WhatsApp ẹbí. Inú àpótí ìyá wa ni wọ́n ti kó wọn jáde, wọ́n wá fi fóònù yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji ọwọ́ wọn hàn lára òmíràn. Ẹ̀kọ mi tutù síwájú mi.

Èyí tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ ni ti lọ́rì Bedford tó dúró lẹ́nu abà wa, ní ọ̀nà tó já sí títì Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni. Imú àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ti Ìlú Ọba wá. Ara tó kù, káfíńtà wa níbí ló fi pákó kàn án. Wọ́n kọ "Ẹ̀SỌ̀ PẸ̀LẸ́" sí i níwájú gàdàgbà. Awakọ̀ rẹ̀ kò sì ní ẹ̀sọ̀ kankan lára.

Orí bẹ́ńṣì làwa ará ẹ̀yìn ń jókòó, orúnkún kan orúnkún, àpò kòkó lábẹ́ ẹsẹ̀, ewúrẹ́ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ọmọ mọ́tò á dìrọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, igi wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òkè bá ti mú ọkọ̀, á bẹ́ sílẹ̀, á sọ igi náà sẹ́yìn táyà. Lọ́jọ́ kan ó pẹ́ kó tó bẹ́. Ẹ̀yìn la fi rìn wọ oko kòkó olóko.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wá nínú fọ́tò náà, kò sí níbẹ̀. Ìró rẹ̀ ni. Afárá pákó kan wà lódò, bí lọ́rì bá ti gun orí rẹ̀, pákó á máa dún gbàràgbàrà dé inú oko. Bàbá wa á gbórí sókè: "Ó ti dé orí afárá. Ẹ so ẹnu àpò." Kí ó tó débi tí a wà, a ó ti so mẹ́ta. Ìta là ń gbé nígbà náà. Oorun àti òjò nìkan ló ń lé wa wọ ahéré.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá wa náà wà nínú fọ́tò kan, orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn níwájú rẹ̀. Lálẹ́, dáínámò tó ń fi ara ha táyà á máa kùn bí oyin. Bí wọ́n bá wà á kíákíá, iná á tàn gbòò. Bí wọ́n bá dé ibi gegele, á pọ́n, á rẹlẹ̀. A ti mọ ibi tó rẹ̀ wọ́n dé kí wọ́n tó wọlé.

Ọdún 1986 ni General Motors jáwọ́ nínú lọ́rì ńlá Bedford. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wa tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká. Bàbá wa kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi kú.

Mo fi fọ́tò lọ́rì náà han ọmọ mi. Ó ní, "Dádì, bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ náà gbọ́n. Mi ò ní gbà kí ó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìta ọjà. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí, bí mi ò bá wo dáṣíbọọ̀dù rẹ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ti kú tàbí ó ń ṣiṣẹ́.

Mo kọ ọ́ sí ẹbí lọ́sàn-án: ta ló rántí bó ṣe ń dún lórí afárá? Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, "gbàrà, gbàrà, gbàràgbàrà," wọ́n sì ń fi ẹnu yí jíà, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí àbúrò wa obìnrin fi dáhùn láti London:

"Bọ̀ọ̀dá, àpò mélòó ló kù tí a ò tíì so?"