Ọjọ́ tí ọkọ̀ wa fìdí sọlẹ̀ tí mo sì dákẹ́

Mo jẹ́ ọmọ ọdún 23, mo ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ nínú ọkọ̀ èrò kan tí ń kúrò ní èbúté, tí páílọ́ọ̀tì, ìyẹn atọ́nà tí ó mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn wà, sì ń darí wa. Mo rí i lójú ẹ̀rọ pé omi abẹ́ ọkọ̀ ń dínkù: mítà 4, mítà 3, mítà 2. Mo wo páílọ́ọ̀tì náà, ọkùnrin tí ó tó bàbá mi í bí, mo sì dákẹ́, nítorí pé nílé wa ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi gbọ̀n, tí ó sì dúró gbagidi. Ẹnikẹ́ni kò farapa, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Queen Elizabeth 2. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọdún 1992, ó ń kúrò ní Martha's Vineyard ní Amẹ́ríkà, páílọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀, eré rẹ̀ sì tó nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 25, ìyẹn bíi kìlómítà 46 ní wákàtí kan, nígbà tí ìdí rẹ̀ fi gbá àpáta nítòsí erékùṣù Cuttyhunk. Máàpù sọ pé omi ibẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 39, nǹkan bíi 32 péré ni ọkọ̀ náà sì ń wọ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1939 ni wọ́n ti wọn ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ ńlá a máa rì sí i bí ó bá ń sáré lórí omi tí kò jìn. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé páílọ́ọ̀tì, ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ kò jọ fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kí a tó tú okùn ni kí ẹ ti béèrè ọ̀nà tí a ó gbà, eré tí a ó sá, àti ibi tí omi ti kéré jù. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, olùdámọ̀ràn ni páílọ́ọ̀tì. Ọrùn ọ̀gá ọkọ̀ ni ẹrù ọkọ̀ ṣì wà. Bí ẹ bá rí ewu, ẹ má sọ pé àgbà ṣìnà, ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ wí: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi abẹ́ wa ti di mítà 3.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n “ẹ jọ̀ọ́” náà kì í kúrò nínú ohùn mi. Ní ọdún tó kọjá, páílọ́ọ̀tì kan gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó bojú wo ẹ̀rọ, ó ní kí a dín eré kù, ó sì ń bá kọfí rẹ̀ lọ.