Ọjọ́bọ̀: ta ló ń bọ́ ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú?

Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó wọ bàtà, mo bá ìyá ìyàwó mi ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà lé itan kan, wọ́n sì gbé àkọ́bí wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, lé èkejì. Bí wọ́n bá ṣa òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà, wọn a fi lé e lọ́wọ́, òun a sì jù ú sínú agolo mílíìkì kí ó lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Láàárín òkúta kan sí èkejì ni mọ́ínmọ́ín ń wọ ẹnu rẹ̀. Ìyàwó mi wà nínú yàrá pẹ̀lú ìkókó tí kò tíì pé ogúnjọ́, kò tilẹ̀ ráyè béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹun. Èmi náà kò béèrè.

Ohun tí ó mú mi dúró wò wọ́n ni iṣẹ́ Kristen Hawkes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ń wádìí bí ìṣẹ̀dá ènìyàn àti ìwà rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, tí mo ti ń kà láti ọjọ́ Ajé. Ní àárín àwọn ọdún 1980, òun àti James O'Connell pẹ̀lú Nicholas Blurton Jones lọ bá àwọn Hadza, tí wọ́n ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń já èso igbó jẹ lẹ́bàá adágún Eyasi ní Tànsáníà. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà nígbà náà ni pé ẹran tí bàbá bá pa ni ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta yìí ka ọjọ́, wọ́n sì rí i pé ọdẹ kan lè lo nǹkan bí oṣù kan gbáko kí ó tó pa ẹran ńlá kan ṣoṣo, àti pé bí ó bá tilẹ̀ pa á, gbogbo ibùdó ni yóò pín in jẹ. Àwọn tí kì í wọlé lọ́wọ́ òfo ni àwọn ìyá àgbà tí nǹkan oṣù wọn ti dúró: ọ̀pá ni wọ́n fi ń wa gbòǹgbò kan nínú ilẹ̀ olókùúta tí ọwọ́ ọmọdé kò ká, wọn a sun ún, wọn a jẹ omi rẹ̀, wọn a sì tu háhá rẹ̀ dànù. Wọ́n tilẹ̀ ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ju àwọn ọmọbìnrin wọn lọ.

Àwọn onímọ̀ náà wọn àwọn ọmọ Hadza. Nígbà tí ìyá kò bá ní ìkókó lọ́wọ́, bí ó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni ọmọ rẹ̀ tí ó ti já lẹ́nu ọmú ṣe ń sanra sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bímọ mìíràn, iṣẹ́ ìyá àgbà ni sísanra ọmọ náà máa ń tẹ̀ lé. Láti ibẹ̀ ni Hawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá a lábàá, nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1998, pé bóyá èyí ni ìdí tí obìnrin fi ń pẹ́ láyé lẹ́yìn tí ó ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí, nígbà tí ó jẹ́ pé abo ìnàkí kì í sábà rí irú ọdún bẹ́ẹ̀. Àbá ni o, àwọn mìíràn sì ń bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ti ọmọ tí wọ́n wọ̀n yẹn ti wọ̀ mí lára.

Èyí tí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n wá láti Gámbíà. Rebecca Sear àti Ruth Mace yẹ àkọsílẹ̀ tí dókítà Ian McGregor ti kó jọ ní àwọn abúlé kan láàárín ọdún 1950 sí 1974 wò. Ilé ọkọ ni àwọn ìyàwó ibẹ̀ ń gbé, bíi tiwa. Síbẹ̀, ìyá ìyá ọmọ ni ẹni tí ó jẹ́ pé bí ó bá wà láàyè, ikú kò tètè ń mú ọmọ náà ní ìgbà tí wọ́n bá ń já a lẹ́nu ọmú. Ìyá bàbá kò mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bóyá ó wà, bóyá kò sí, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìṣirò wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń pe bàbá ní dígí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnikẹ́ni lè wá kó iye jọ láti fi gbè é lẹ́yìn. Ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ tí àwọn òbí ọkọ ń ṣe gbà hàn: níbi tí wọ́n bá wà, àwọn ìyàwó ń bímọ púpọ̀ sí i. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé odindi ọdún méjì ni ìyá mi fi ń bi mí lóṣooṣù pé ìgbà wo ni èyí èkejì ń bọ̀.

Ìyá mi pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ṣé àkọ́bí ń jẹun, nítorí pé ẹni tí a bí àbúrò lé lórí máa ń rù. Mo ní, "Ó ń jẹun, màámi, Màmá ń bọ́ ọ." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí mọ́tò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ń kó èlùbọ́ bọ̀, àti pé kí n bá àwọn kí ìyá ìyàwó mi dáadáa, kí wọ́n má tíì lọ. N kò sọ ọ̀rọ̀ Gámbíà. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé, Màmá sì ní kí n jókòó, kí n bá àwọn parí ẹ̀wà tí ó kù.