Tẹ́ṣàn Ìsánlú: mo tú u palẹ̀, mo ń tún un tò

Ẹ òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa ẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe jókòó lónìí. Rélùwéè kékeré ni mò ń kọ́, èyí tó ń rìn lórí páákó, nínú yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Ìsánlú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú irin ò dé Ìsánlú rí. Èyí tó ti Èkó wá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, ó dé Jẹ́bbá ní 1909, kò yà sọ́dọ̀ wa. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè lọ Èkó, á gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Òmù-Àrán, á lọ wọ̀ ọ́ ní Ọ̀fà. Àti kékeré ni nǹkan yẹn ti máa ń dùn mí. Ni mo bá fa ẹ̀ka kan yọ láti Ọ̀fà fúnra mi, mo mú un gba Òmù-Àrán, ó gba Ẹ̀gbẹ̀, mo wá fi Ìsánlú ṣe òpin ẹ̀. Ọdún 1974 ni mo fi sí, ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí kòkó àti kọfí ń jáde dáadáa látọ̀dọ̀ wa.

Kí n tètè sọ ti ìwọ̀n torí ó wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Irin ìgbà àtijọ́ tiwa, èyí tó lọ Kano, 1067 mm ló wà láàárín irin méjèèjì, kò fẹ̀ tó ti Ìtakpẹ́ sí Warri tó jẹ́ 1435 mm. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà láyé jẹ́ 16.5 mm. Tó o bá fi 16.5 yìí ṣe irin tó fẹ̀, ohun gbogbo á jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ṣe irin tiwa, tó o wá kọ́ gbogbo nǹkan ní ìdá kan nínú 64, ó máa fún ẹ ní 1056 mm, ó ku mìlímítà mọ́kànlá péré kó pé. Àwọn ará South Africa àti New Zealand ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí ìwọ̀n kan náà ni irin tiwọn àti tiwa. Ìyẹn ni pé mo lè ra irin àti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ́ ara ẹ̀ àti àwọn wágọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló ń bá mi kó irin wá nínú báàgì ẹ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ohun tó fa títú palẹ̀ rèé. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà, pọ́ìntìmánì ni wọ́n, àwọn ló máa ń yí irin padà kí ọkọ̀ tó wọlé. Mo ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ò jókòó, wọ́n dúró síbi ẹnu páákó, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń fi ojú tẹ̀lé irin látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wakọ̀ wọlé fún wọn. Ó dúró níwájú pèpéle, ó rẹwà lójú mi. Bàbá wá ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì ti wọlé. Ibo ló máa gbà jáde?"

Mo ní ẹ má bínú sà, mo máa ń fọwọ́ gbé e ni, màá gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Wọ́n ní, "Ní Ọ̀fà ńkọ́? Ọwọ́ ta ló máa gbé e?"

Mi ò sun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ni bàbá sọ. Lúùpù tí mo ṣe, ìyẹn irin kejì tí ẹ́ńjìnì máa gbà yí ọkọ̀ po, kúrú, 92 cm péré ló ṣófo láàárín pọ́ìntì méjèèjì, ibi tí irin ti yà sí méjì. Ìdí irin tó wà níwájú lúùpù, níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnì fà sí kó lè yí ẹ̀yìn padà, 15 cm ni, ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ sì jẹ́ 23 cm, ìdí ẹ̀ á ṣì wà lórí pọ́ìntì. Ibi ìjá ẹrù náà, orí irin ńlá gan-an, èyí tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ló ti yà, tí mo bá ń to wágọ̀nù, kò sí ọkọ̀ míì tó lè wọlé. Mo ti kun pèpéle, mo ti gbin koríko, mo ti kọ orúkọ Ìsánlú sára pátákó ńlá, àmọ́ ọkọ̀ tó bá wọlé ò ní nǹkan kan tó máa ṣe níbẹ̀.

Oṣù Kọkànlá. Mo mú rúlà àti bébà. Wágọ̀nù tó ní ìbòrí tí mo ń ṣe jẹ́ mítà 12 ní gidi, 19 cm ni lórí páákó. Kọ́ọ̀ṣì èrò tí gáàdì ń jókòó sí lẹ́yìn jẹ́ 27. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ wa ní wágọ̀nù mẹ́rin àti kọ́ọ̀ṣì kan, ìyẹn 103 cm láìka ẹ́ńjìnì, torí ẹ́ńjìnì á ti bọ́ síwájú. Mo fi lúùpù sí 120 kí ọkọ̀ má bàa há níbẹ̀, mo fi ìdí irin sí 30. Mo wá fi irin kan kún un tí mi ò ní tẹ́lẹ̀, irin ìfàsẹ́yìn ni mò ń pè é. Ó bá irin ńlá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ sí apá Ọ̀fà, kò so mọ́ ibì kankan lókè, ibi tí ẹ́ńjìnì máa fa wágọ̀nù jáde sí nìyẹn kó tó tì wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀dì, irin ńlá á sì ṣófo. Mo wọ̀n ọ́n kó gba ẹ́ńjìnì àti wágọ̀nù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ gba mẹ́rin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ètò rélùwéè kékeré kan wà tí ọ̀gbẹ́ni Alan Wright gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Inglenook ni wọ́n ń pè é, irin mẹ́ta ni, ọ̀kan gba wágọ̀nù márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta, irin ìfàsẹ́yìn gba ẹ́ńjìnì àti mẹ́ta. Kíkúrú irin yẹn gan-an ló ń jẹ́ kéèyàn ronú. Tó bá gùn, o kàn máa fa gbogbo ẹ̀ jáde ni, iṣẹ́ tán.

Kí ẹnì kankan má fi ojú fo ti wíwọ̀n yìí o. Kó o tó lẹ irin kan mọ́lẹ̀, to wágọ̀nù gidi lórí ẹ̀, kó o wò ó bóyá ara wọn ń kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kan èèkàn kékeré tí mo kùn ní ẹfun sáàárín irin méjì níbi tí wọ́n ti ń sún mọ́ra, wágọ̀nù ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Irú ẹ̀ wà ní tẹ́ṣàn gidi.

Páákó méjì ni gbogbo ẹ̀ jókòó lé, pílíìwúùdù ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí káfíńtà là sí méjì ní òòró, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 244 cm. Tẹ́ṣàn fúnra ẹ̀ gba 234 nínú páákó àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kó má gbà á.

Oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàbà, ní Mọpà, ẹ mọ bí ọyẹ́ apá ibí ṣe máa ń rí, ètè á là, ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì lójò á wá máa ṣí fúnra ẹ̀. Mo ti lẹ irin tuntun tán lópin oṣù tó ṣáájú, mo so wọ́n pọ̀ lẹ́nu sí ẹnu láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Nígbà tó di bí ọjọ́ mẹ́wàá sí Kérésì, mo wọlé lówùúrọ̀, mo rí i tí irin ńlá ti wọ́ bí ejò níwájú pèpéle. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọdé ló fọwọ́ tì í. Kì í ṣe ọmọdé. Páákó ló gbẹ tó súnkì, irin ò lè súnkì bíi ti páákó, kò rí ibi lọ, ló bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yọ mítà méjì kúrò, mo gé e, mo fi àlàfo tó tó káàdì ìdìbò méjì nínípọn sílẹ̀ lẹ́nu ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo wá kun abẹ́ páákó àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ojú òkè nìkan ni mo ti kùn tẹ́lẹ̀, abẹ́ ló ń gba ọ̀rinrin tó sì ń tú u jáde. Láti ìgbà yẹn kò tíì mira.

Oṣù Kìíní, ti pọ́ìntì. Níbí ni mo ti pẹ́ jù. Àárín pọ́ìntì, níbi tí irin méjì ti pàdé bí ìrù ẹja, ike ló wà níbẹ̀ nínú àwọn tí mo lò tẹ́lẹ̀, iná tí ẹ́ńjìnì ń gbà látara irin ò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnì mi kúrú lẹ́sẹ̀, tó bá rọra rìn débẹ̀ á kú. Ìṣòro ńlá nìyẹn, torí iṣẹ́ ìtowágọ̀nù, rọra rọra ni wọ́n ń ṣe é. Mo pààrọ̀ wọn sí èyí tí àárín ẹ̀ jẹ́ irin. Èyí náà ní wàhálà tiẹ̀, iná irin àárín yẹn gbọ́dọ̀ yí padà nígbà tí pọ́ìntì bá yí padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wáyà á gan. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà, mo ra súwìshì onífífà àlòkù, èyí tó máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Mo lu ihò sí orí ẹ̀, mo ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́, mo mú sípóòkù náà gba abẹ́ páákó lọ mọ́ ẹnu pọ́ìntì. Tó o bá fa sípóòkù níwájú, pọ́ìntì yí, súwìshì yí, iná irin àárín náà yí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dún "kẹ́" lọ́wọ́ èèyàn. Bàbá fà á lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, wọ́n ní ó le ju tàwọn lọ díẹ̀, mo sì fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ kàn án.

Gbogbo ẹ̀, bátìrì tí sólà ń gbà sílẹ̀ ló ń gbé e, mi ò dúró de iná ìjọba.

Òkúta tó wà láàárín irin, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni mo ti bu ẹ̀tù ẹ̀, mo fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, mo dà á sílẹ̀, mo po gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò mọ́ omi pẹ̀lú ìkán ọṣẹ kan, mo fi síríǹjì kán an sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wọ́n erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa lé e. Láìsí erùpẹ̀ pupa yẹn, kò jọ Yàgbà.

Oṣù Kejì. Ó ku iṣẹ́ tí ọkọ̀ máa ṣe. Mo gé àwọn káàdì ìpè ìgbéyàwó àtijọ́ tó wà nílé, ẹ̀yìn wọn funfun. Wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tiẹ̀, mo kọ nọ́ńbà àti irú ẹ̀ sí i. Bébà kékeré kan wà tí mo ń kì bọ̀ ọ́, ó ní ojú mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí wágọ̀nù náà ń lọ lọ́jọ́ náà: òfìfo wá sí Ìsánlú fún kọfí, kọfí lọ Àpápá, sìmẹ́ńtì wá sí Ìsánlú, òfìfo padà. Tí ọkọ̀ bá lọ bọ̀, mo yí bébà sí ojú tó kàn. Mo ti gbìyànjú aago tó ń sáré, èyí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń jẹ́ wákàtí kan, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Yíyọ wágọ̀nù kan kúrò lára èkejì kì í yára ju bó ṣe wà lọ, aago wa á wá máa parọ́.

Fún ìrìn láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, mo gbẹ́ ọ̀pá igi kékeré kan, mo kọ orúkọ ìlú méjèèjì sí i. Ọ̀pá àṣẹ nìyẹn. Irin kan ṣoṣo ló wà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà, awakọ̀ tí kò bá ní in lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ jáde sórí irin náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dáàbò bo ojú irin kan ní ọ̀pọ̀ ibi láyé kí ọkọ̀ méjì má bàa forí sọ ara wọn.

Sátidé tó kọjá la kọ́kọ́ ṣe é tán pátá, èmi ni awakọ̀, bàbá wà nídìí pọ́ìntì. Ọkọ̀ wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì méjì, táńkì kẹrosíìnì kan, òfìfo kan fún kọfí, kọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn. Mo fi igi súyà yí ìdè tó so ẹ́ńjìnì mọ́ wágọ̀nù àkọ́kọ́, ó tú, ẹ́ńjìnì fà síwájú wọ ìdí irin, bàbá fa sípóòkù, kẹ́, ó gba lúùpù padà sẹ́yìn, ó so mọ́ kọ́ọ̀ṣì. Mi ò fọwọ́ kàn án. Kọ́ọ̀ṣì ló wá wà níwájú báyìí, nítorí náà a fa gbogbo ẹ̀ jáde sórí irin ńlá, ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ mi, a tì í padà wọ lúùpù, a fi wágọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, a dá kọ́ọ̀ṣì padà sí pèpéle. Látìgbà yẹn irin ńlá ti bọ́. Táńkì wà láàárín sìmẹ́ńtì méjèèjì, irin ìfàsẹ́yìn ò sì gbà ju mẹ́ta lọ. Bàbá dúró, wọ́n fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká fi òfìfo sílẹ̀ ní lúùpù ná, ká fa mẹ́ta, ká ti sìmẹ́ńtì tó gbẹ̀yìn wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ká padà wá ti táńkì síbi epo, ká wá gbé sìmẹ́ńtì kejì lọ bá ti àkọ́kọ́. Òfìfo ló wọlé kẹ́yìn. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà wá, ìyàwó mi pè wá jẹun lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá tún tẹ orí ba wo ẹnu ibi ìjá ẹrù. Wọ́n ní tí wágọ̀nù kan bá yọ̀ kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì lóru, tí kò sí ẹni tó rí i, orí lúùpù ló máa já sí, á kọlu ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí abẹ irin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí sílẹ̀ àyàfi tí a bá fẹ́ kọjá, kí wágọ̀nù tó bá sá ṣubú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó débẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n, 6 cm ló máa gbà, irin tó kù lára èyí tí mo gé lọ́jọ́ ọyẹ́ á tó o. Sípóòkù kan náà tó ń yí pọ́ìntì ẹnu ibẹ̀ ni màá fi fà á.