Ẹ má pín abẹ́rẹ́ sí méjì, ọjọ́ ni kí ẹ pín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára àwọn ajá kékeré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Ìbàdàn, Ìlọrin àti Zaria dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìwòsàn ẹranko, Okun o. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ màlúù, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni ẹ ó máa bá pàdé lójoojúmọ́ láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí yín. Ọ̀rọ̀ ajá kékeré ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá èyí tí a ń fún wọn nítorí ikọ́ tí ìwé wa ń pè ní kennel cough.

Ajá tí àwọn bàbá wa mọ̀ nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ajá ọdẹ ni, ajá tó ń sá tẹ̀lé olówó rẹ̀ wọ igbó tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́. Nísinsin yìí, tí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti Èkó àti Abuja, ẹ ó rí àwọn ajá kékeré ilẹ̀ òkèèrè: Lhasa Apso tí wọ́n gbé sórí itan nínú ọkọ̀, Chihuahua nínú agbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá dé Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ láàárín ajá ilé, nínú ọyẹ́, nínú eruku. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: "Dókítà, egungun ti há ajá wa lọ́fun o!" Ẹ óò yẹ ọ̀fun náà wò, ẹ ò sì ní rí egungun kankan. Ikọ́ ni. Ajá á na ọrùn, á húkọ́ gan-an bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, á sì pọ fọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ jáde. Bakitéríà tí a ń pè ní Bordetella bronchiseptica ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì parainfluenza àti adenovirus irú kejì. Nínú ajá tó ti dàgbà tó sì lókun, ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ni yóò fi lọ. Nínú ọmọ ajá àti àwọn tí imú wọn tẹ̀ wọlé, ó lè di òtútù àyà, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ọ̀nà méjì ni àjẹsára rẹ̀ sábà máa ń gbà dé ọwọ́ wa: èyí tí a ń kán sí imú, tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ agbára rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, àti èyí tí a ń gún sábẹ́ awọ. Èyí tí a ń kán sí imú ṣọ̀wọ́n níhìn-ín. A ní láti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú kúlà oníyìnyín láti Abuja tàbí Èkó, kí a sì máa gbàdúrà kí ọkọ̀ má bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ rántí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí a fi ń dènà distemper àti parvo, àrùn méjì tí ń pa ọmọ ajá, ti ní parainfluenza àti adenovirus nínú. Ó ti dènà apá kan nínú ohun tí ń fa ikọ́ náà, Bordetella ló kù síta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kán an sí imú, ajá lè máa sín, kí ikun máa jáde nímú rẹ̀, kí ó sì húkọ́ díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ fún olówó ajá kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, yóò wò ó pé àrùn ni ẹ fi owó òun rà fún un, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjà Kàbbà. Èyí tí a gún sábẹ́ awọ lè mú kí ojú abẹ́rẹ́ le kókó, kí ajá sùn ju bó ṣe ń sùn lọ, kí ó má fẹ́ jẹun fún ọjọ́ kan sí méjì. Gbogbo ìyẹn kò ní kí a kó ọkàn sókè.

Èyí tó ní kí a kó ọkàn sókè kì í pẹ́ dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan, ètè á wú, ìpéǹpéjú á wú títí ojú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ara á lé kókó kókó, ajá á máa fi ojú gbolẹ̀. Tí ó bá mọ síbẹ̀, oògùn tí ń pẹ̀tù sí ara yíyún àti wíwú á tó o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń jáde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ẹ yára gbé ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo erìgì rẹ̀. Tí erìgì bá funfun, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tètè padà sójú ibẹ̀, ẹ̀mí ajá náà ti wà lẹ́nu ewu. Nínú ènìyàn, èémí lè dí. Nínú ajá, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni ìjàm̀bá náà máa ń kọlù jù, ìdí nìyẹn tí èébì àti ìgbẹ́ fi máa ń wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń rí.

Kí ló dé tó jẹ́ àwọn ajá kékeré ni mo ń bẹ̀rù fún jù? Ní 2005, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ajá 1,226,159 tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ láàárín 2002 sí 2003. Àwọn tí ara wọn ò gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 4,678, ìyẹn bí 38 nínú ajá 10,000. Bí ajá bá ṣe fúyẹ́ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Èyí tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ nínú rẹ̀ nìyí: gbogbo abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n bá fi kún un níjọ́ kan náà, ewu a fi ìdá 27 nínú 100 lé sí i fún ajá tí kò ju kílò 10 lọ. Fún èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, ìdá 12 péré ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìyá kan gbé Lhasa tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá láti Ìyàrà, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè dín in kù fún un ni? Ẹranko tí kò ju ológbò lọ yìí!" Mo ní, "Ìyá, mi ò ní dín in kù. Ọjọ́ tí ẹ máa gbé e wá ni mo máa fi kún." Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ni wọn yóò bi ní ìbéèrè yìí, àánú ẹranko náà á sì fẹ́ mú kí ẹ gbà fún wọn. Ẹ má gbà. Àjẹsára kì í ṣe oògùn tí a ń wọ̀n mọ́ ara. Tí a bá ń ṣàpèjúwe olè fún ọdẹ àdúgbò, a kì í sọ ìdajì ojú rẹ̀ nítorí pé ilé tí ọdẹ náà ń ṣọ́ kéré. Ìdajì ìwọ̀n lè má kọ́ ara ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ara tó bá kọ abẹ́rẹ́ má kọ̀ ọ́, nítorí ìwọ̀nba bíńtín ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tí a lè pín ni ọjọ́. Ajá kékeré tí kò tíì gba nǹkan kan, ẹ má kó abẹ́rẹ́ alápapọ̀, ti dìgbòlugi àti ti ikọ́ lé e lórí níjọ́ kan nítorí pé olówó rẹ̀ fẹ́ padà sí Èkó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sí àárín wọn. Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni àyè gbà fún ọmọ ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì ti gún un ní ti distemper àti parvo, ti dìgbòlugi ni kí ẹ gún un. Ikọ́ ń da ajá láàmú, dìgbòlugi ń pa ènìyàn: àjọ WHO fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Mi ò ní fi ìyẹn ṣeré láé, nílẹ̀ tí ajá ilé àti ajá ọdẹ jọ ń rìn kiri.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àjẹsára tí a ń kán sí imú, tí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ẹ kò gbọ́dọ̀ gún un sábẹ́ awọ. Tí ó bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ á wú, á di oówo ńlá, awọ lè jẹrà, ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́, ajá sì lè kú. Fáyálì méjèèjì lè jọra nínú kúlà kan náà. Èmi kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu sírínjì tí mo fẹ́ fi kán oògùn sí imú, mo ti yọ ọ́ sọnù kí wọ́n tó gbé ajá sórí tábìlì. Ajá tó bá sì ń lo oògùn apakòkòrò lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ gbà á, oògùn náà á pa kòkòrò tí a fi ń kọ́ ara. Ẹ tún fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ẹnìkan wà nílé tí ara rẹ̀ kò le, arúgbó tàbí aláìsàn, nítorí ajá náà lè máa tú kòkòrò náà jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kí ẹ tó ṣí fáyálì èyíkéyìí, adrenaline, oògùn tí a fi ń gba ẹ̀mí ajá tí ara rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù kan nínú mìlílítà kan. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.01 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, nínú ẹran itan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ajá kílò mẹ́ta: 0.03 mìlílítà. Sírínjì mìlílítà méjì tí gbogbo wa ń kó kiri kò lè wọn ìyẹn. Ẹ ra sírínjì ínsúlínì, ó wà ní ilé oògùn ní Kàbbà, kò sì wọ́n. Èyí tó ní ìlà 100 nínú mìlílítà kan ni kí ẹ mú, ìlà mẹ́ta lórí rẹ̀ ni ìwọ̀n ajá náà. Ẹ kọ́kọ́ wọn ajá lórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ ìwọ̀n adrenaline rẹ̀ sórí káàdì kí ẹ tó gún un ní àjẹsára. Nígbà tí ajá bá ti ṣubú tí ọmọ ilé ń sunkún létí yín, kò sẹ́ni tó lè ṣírò dáadáa. Piriton àti dexamethasone, àwọn oògùn tí ń pẹ̀tù sí ara yíyún àti wíwú, dára, ṣùgbọ́n wọn kì í yára tó fún ajá tó ti dákú. Adrenaline ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà omi sí iṣan, àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń jọ ọ́. Ọmọ Chihuahua tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀ láìjẹun, tó jókòó sínú ọkọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ wá, lè máa gbọ̀n kí ó sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ kò wú, ara rẹ̀ kò lé. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi oyin pa erìgì rẹ̀, tí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, kò ní pẹ́ tí orí rẹ̀ á fi gbé sókè. Nítorí náà, ẹ máa ní kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n tó gbéra, ẹ sì fi ìgò oyin kan sí àpótí yín.

Àárọ̀ ni mo máa ń gún ajá kékeré. Tí ẹ bá gún un ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí olówó rẹ̀ gun ọ̀kadà padà sí abúlé tí nẹ́tíwọ́kì kò dé, ta ló máa gbọ́ nígbà tí ojú ajá bá wú lóru? Kí wọ́n jókòó lábẹ́ igi tó wà níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ajá tí ara rẹ̀ ti kọ abẹ́rẹ́ rí, wákàtí mélòó kan ni. Àwọn kan á kùn sí yín. Ẹ fún wọn ní bẹ́ǹṣì àti omi tútù.

Ẹ kọ orúkọ àjẹsára, nọ́ńbà tó wà lára fáyálì àti ibi tí ẹ gún un sí sínú káàdì. Tí ara ajá bá kọ̀ ọ́, ẹ fi tó NAFDAC létí, kí ẹ sì fi bírò pupa kọ ọ́ síwájú káàdì, nítorí ó lè jẹ́ dókítà mìíràn ní Lọ́kọ́ja ni yóò gún un lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún náà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ti ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó bá wà, kí ẹ sì ti fún un ní oògùn tí ń dènà wíwú ṣáájú. Ní ti àjẹsára ikọ́, ẹ bi olówó rẹ̀ bóyá ajá náà ń bá ajá mìíràn pàdé rárá. Lhasa tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní Mọ̀pà, tí kì í jáde kúrò lágbàlá, tí kò sì sí ajá àlejò tí ń wọlé tọ̀ ọ́, mo máa ń sọ fún ìyá náà pé kí ó fi owó ìyẹn ra oúnjẹ fún un.